Iṣẹ́ Kọ̀m̀pútà àti Orúkọ Tí Ìyàwó Kì í Pè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀m̀pútà dára fún obìnrin, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi gùn, ohùn mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rò pé iṣẹ́ ìjókòó lásán ni, pé ènìyàn á kàn jókòó sábẹ́ fáànù, á máa fi ìka jó lórí kíbọ́ọ̀dù títí oṣù á fi parí. Ẹ gbàgbé! Iṣẹ́ tí ẹ ń wò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ọkọ.

Beyerúnka ni wọ́n bí mi sí. Orúkọ mi ni Rábíátù Àṣàkẹ́. Ọdún kejì tí wọ́n yí mọ́tò padà sí ọwọ́ ọ̀tún ni mo jáde ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n mi kan sì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Mápó. Wọ́n ní kí n kọ nǹkan, wọ́n rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣeé kà, ó parí, wọ́n gbà mí sí yàrá káàdì. Owó oṣù? Ó tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni Ìyá Dọ̀káàsì, ọmọ ìjọ Aládùúrà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ nípọn ju ti ọkùnrin lọ. Láti òwúrọ̀ ló ti ń kọ orin ẹ̀mí lábẹ́ ètè. Bí orin yẹn bá ti dákẹ́ báyìí, kí oníkálukú yára yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, nítorí ó ti rí àṣìṣe nìyẹn. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò. Ó ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò tí àwọn aláìsàn ti ń forúkọ sílẹ̀, kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ wọn. Ó ní etí ni kí n kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, pé ọwọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òfin kan ṣoṣo ló ní. Á ní, "Ẹnì kan, káàdì kan. Bí ènìyàn bá ní káàdì méjì, ó ti di ènìyàn méjì lójú dókítà nìyẹn. Àbọ̀ àìsàn rẹ̀ á wà lọ́tùn-ún, àbọ̀ á wà lósì, òun fúnra rẹ̀ á wà láàárín, ibẹ̀ ló sì máa kú sí."

Òfin yìí rọrùn lẹ́nu. Kò rọrùn ní ìlú Ìbàdàn tiwa. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní bírò, ìyàwó kan láti Ọjà'ba gbé ọmọkùnrin kan wá, ara ọmọ náà gbóná janjan.

"Kí lorúkọ ẹ̀?" mo bi í.

"Ọkọ mi ni."

Mo wo ọmọ náà. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. "Èyí? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ?"

"Àbúrò ọkọ mi ni, ẹ̀yin náà! Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé. Mi ò lè pè é lórúkọ."

"Kí wá ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ Eyínfúnjowó."

Mo bá kọ Eyínfúnjowó fún ọmọ tí kò léyín. Orin dákẹ́ lẹ́yìn mi. Ìyá Dọ̀káàsì na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó mú káàdì náà, ó fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Eyínfúnjowó mélòó ló wà l'Ọjà'ba nìkan? Lọ sílé wọn. Má bi ìyàwó o, ọmọ ilé ni kí o bi."

"Nínú oòrùn yìí, Mà?"

"Àbí òṣùpá lo fẹ́ dúró dè?"

Bó ṣe rí nìyẹn ní agboolé wa, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí fúláàtì. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sílé ọkọ kí ìyàwó tó wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò, ìyàwó kì í pè é lórúkọ. Orúkọ mìíràn ló máa fún un, orúkọ tó dùn tó sì lẹ́wà: Akọ́wé, Gbàjúmọ̀, Ìbàdíàrán. Ọmọ ilé nìkan ló lè pe ọmọ ilé. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ló sì ń gbé aláìsàn wá sí ọsibítù jù. Gbogbo Ìbàdàn àtijọ́ ni mo rìn tán nítorí bẹ́ẹ̀, láti Bẹẹrẹ dé Òjé, tí n ó máa kanlẹ̀kùn bi àwọn arúgbó pé kí lorúkọ ọmọ yín gan-an. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tiwa yàtọ̀: ilé là ń lọ ká tó mọ orúkọ ọmọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí kí n tó fi ìka kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ ọkọ. Télọ̀ ni, Bẹẹrẹ ló ti ń ránṣọ, Ọ̀rányàn sì ni agboolé wọn wà. Èmi tí mo ti ń fi àwọn ìyàwó ṣẹ̀fẹ̀ ní wíńdò, ó wá kàn mí, mo di ìyàwó àwọn ọmọdé tí mo dàgbà jù! Bàbá ọkọ mi ló ni ilé. Ẹni tó sì ń pàṣẹ fún gbogbo àwa ìyàwó ni Ìyá Òjé, ìyàwó tí Bàbá kọ́kọ́ fẹ́. Aṣọ òkè ló ń tà l'Ọ́jà Òjé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun ló bí ọkọ mi, ìyá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ ọ.

Kí n tó mọ ojú Bàbá ni mo ti mọ káàdì rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì rí ní ọsibítù wa, ara rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ dí, díẹ̀ ló kù kó lọ. Ìyá Dọ̀káàsì fúnra rẹ̀ ló fi bírò pupa kọ ọ́ sórí káàdì pé kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ yẹn mọ́ láéláé. Mo ti ka orúkọ Bàbá sókè rí nígbà náà, nígbà tí n kò tíì jẹ́ nǹkan kan fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò pè é mọ́. N kò sì ní pè é fún yín níbí, ẹ má wulẹ̀ retí rẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Tápùréètà dé, a lò ó títí lẹ́tà "e" rẹ̀ fi kán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kọ̀m̀pútà àkọ́kọ́ wá, èyí tó ń lo díìsì pẹlẹbẹ, tí eruku bá ti bà á, ó tán. Ìyá Dọ̀káàsì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó wò ó, ó tẹ orúkọ kan sí i, ẹ̀rọ náà gbà á. Ó tẹ jágbajàgba kan sí i, ó tún gbà á. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Rábíátù, ẹ̀rọ yìí kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Ìwọ ni kí o máa bá a mọ̀ ọ́n." Ó kó báàgì rẹ̀, ó fi yàrá káàdì lé mi lọ́wọ́.

Èyí tó gba gbogbo okun mi dé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Òkè-Àdó, Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní a ó kó gbogbo káàdì tó wà nínú ilé ìwòsàn sínú dátábéèsì, ìyẹn àpótí àkọsílẹ̀ inú kọ̀m̀pútà, pé SQL ni èdè tí a ó fi máa bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èdè kẹ, Ẹnjiníà? Lọ́jọ́ ogbó mi?" Ó ní, "Mà, gbólóhùn kan péré lẹ máa lò jù." Ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún wa:

INSERT INTO alaisan (oruko, oriki, agboole, ikilo) VALUES ('Amusa', 'Alabi', 'Ile Alaso', 'Ko si');

Ó ní inú tébù ni àkọsílẹ̀ máa wà, ká wo tébù náà bí ẹní tí a fi ìlà pín. Ó ní àwọn òpó tó dúró lóròó: òpó orúkọ, òpó oríkì, òpó agboolé, òpó ìkìlọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó sùn ní ìbú, ènìyàn kan ni. INSERT INTO ń sọ pé kí ìlà tuntun wọ inú tébù tó ń jẹ́ alaisan. Inú àkámọ́ àkọ́kọ́ ni a ti ń dárúkọ òpó, inú ìkejì ni a ti ń kó ohun tó máa wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ̀ léra bákan náà. Bí o kò bá dárúkọ àwọn òpó, tí o sì to nǹkan gba ibi tó wù ọ́, ẹ̀rọ kò ní bá ọ jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ní ọkùnrin kan tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Bẹẹrẹ! Bí o bá sì gbàgbé àmì kékeré tó wà nípẹ̀kun, ẹ̀rọ á kàn máa wò ọ́, á máa retí kí o parí ọ̀rọ̀ rẹ.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn tébù yìí ju ti àtijọ́ lọ ni pé ó mọ bí a ṣe ń kọ̀. Ẹnjiníà ti sọ fún un pé òpó orúkọ kò gbọdọ̀ ṣófo. Bí o kò bá fi nǹkan síbẹ̀, á dá ìlà náà padà sí ọ. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Dọ̀káàsì ì bá fẹ́ràn rẹ̀.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó fún un, pé bí ìyàwó bá dé wíńdò tó ní Gbàjúmọ̀ lòun gbé wá, báwo la ṣe máa rí i? Mo ní kó fi òpó kan kún un fún orúkọ tí ìyàwó ń pe ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá òun náà kì í pe àbúrò bàbá òun lórúkọ, kí ló ṣe tí òun kò ronú kàn án? Kí a tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, òpó ti wà níbẹ̀.

A pín àdúgbò. Èmi gba Ọ̀rányàn nítorí mo mọ ilé wọn. Sàbítù, ọmọge tó jókòó tì mí, gba Ọjà'ba àti Mápó. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, káàdì Bàbá ọkọ mi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo lè sún un sọ́dọ̀ Sàbítù. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n mo wo kíkọ pupa yẹn, mo ní rárá, ìkìlọ̀ tí àìsí rẹ̀ lè pa Bàbá, èmi ni mo máa fi ojú ara mi rí i pé ó wọlé. Mo pa ẹnu mọ́ gbọingbọin, mo tẹ orúkọ Bàbá ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nínú òpó tuntun, mo fi Adúmáadán sí i, orúkọ tí Ìyá Òjé fún un nígbà tó ṣì wà ní ìyàwó titun, tí gbogbo àwa tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ sì ń pè.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Níbi tí a ti ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń sọ fún àwọn ìyàwó yòókù pé iṣẹ́ ń lọ, pé Bàbá pàápàá ti wọ inú kọ̀m̀pútà. Ìyá Òjé gbé ojú sókè.

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ! O pe orúkọ ọkọ wa lórí irin?"

"N kò pè é, Mà. Mo tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹnu mi kò là."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ aládùúgbò lo fi tẹ̀ ẹ́?"

Ó ní kí n lọ pa á rẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, bí mo bá pa á rẹ́, ta ló máa kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fún Bàbá lábẹ́rẹ́?" Ó ní abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń pa ènìyàn, àrífín ló ń pa á. Ó ní bí n kò bá pa á rẹ́, kí n má bá wọn dáná mọ́. Wọ́n gbé e lọ bá Bàbá. Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ẹ má fi mí sí i," ó sì yí ojú sí rédíò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí Ìyá Òjé, kò ní dáhùn. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún Bàbá, wọ́n á dá a padà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mí dé egungun. Ọkọ mi ń bẹ̀ mí, ó ń bẹ̀ wọ́n, èmi kò gbà, àwọn náà kò gbà.

Àárín èyí ni jàǹbá ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ohun tí o bá fi INSERT kó wọlé, ẹ̀rọ ṣì ń gbé e dání lásán ni. Àfi bí o bá tẹ COMMIT ló tó gbà pé ó dúró. Ẹnjiníà sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tẹ COMMIT, pé òun fẹ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí, kí àṣìṣe lè rọrùn láti dá padà. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ Jímọ̀, kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wú ikọ́ díẹ̀, ó kú. Nígbà tí iná padà dé, Ẹnjiníà béèrè ìlà mélòó ló wà nínú tébù, ẹ̀rọ dá a lóhùn pé òfo.

Iṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀! Sàbítù bú sẹ́kún. Ẹnjiníà di orí mú, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, Mà, ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀gá dókítà wọlé, ó ní kí a kúkú padà sí káàdì wa, pé kọ̀m̀pútà kì í ṣe ti ibi tí iná kò sí. Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Káàdì wà níbẹ̀, ìka wà níbẹ̀. A ó tún un tẹ̀." Ó wò mí, ó ní tí ó bá tún sọnù ńkọ́? Mo ní a ó tún un tẹ̀ náà ni.

Ẹ mọ̀ pé ìròyìn kì í sùn ní Ìbàdàn. Kí n tó délé, Ìyá Òjé ti gbọ́. Ó na ọwọ́ sókè lójú mi, ó ní, "Alihamudulilai! Ọlọ́run ti bá wa pa á rẹ́." Nínú yàrá, ọkọ mi rọ̀ mí. Ó ní, "Àṣàkẹ́, o rí i? Kò sí ẹni tó máa sọ pé o tẹ̀lé wọn, iná ló ṣe é. Fi tiẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí ilé lè tòrò."

Mo ní, "Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ pa Bàbá, ṣé wàá lè máa wo ojú mi?"

Ó mú aṣọ tó ń gé, ó ń gé e lọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, káàdì Bàbá ni mo kọ́kọ́ mú. Nígbà àkọ́kọ́, mo lè sọ pé iṣẹ́ ló kàn mí. Nígbà yìí, mo mọ ohun tó lè ná mi. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, mo tẹ Adúmáadán, mo tẹ ìkìlọ̀ náà, mo fi àmì sí i nípẹ̀kun, mo sì tẹ COMMIT kí n tó mí. Ẹnjiníà fara mọ́ ọn: láti ọjọ́ náà, káàdì kan, COMMIT kan. A tún gbogbo ìyókù tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ọrùn mi kò yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí lóhun tí iṣẹ́ yìí fẹ́, kò fẹ́ orí pípé jù. Ẹni tó lè tún ohun kan náà ṣe láìdín in kù ló fẹ́.

Ìgbà òjò dé, òtútù gbé Bàbá lulẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo lọ wo ìyá mi ní Beyerúnka. Àyà rẹ̀ ń dún, kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ìyàwó nìkan ló gbé e sí takisí, Ìyá Òjé ló ṣíwájú wọn. Sàbítù ló wà ní wíńdò, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó béèrè orúkọ, kò sí ìyàwó tó lè pè é, wọ́n ń wo ara wọn. Nọ́ọ̀sì ti gbé Bàbá wọlé ná, ó ti ń fa pẹnisílínì sínú abẹ́rẹ́, nítorí dókítà tuntun tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ni Ìyá Òjé bá fọwọ́ lu wíńdò, ó ní, "Adúmáadán! Adúmáadán ti Ọ̀rányàn! Òun la gbé wá!"

Sàbítù fi orúkọ yẹn wá a. Ìlà kan jáde. Ó rí ìkìlọ̀ náà, ó sáré láìwọ bàtà, ó ń pariwo, "Ẹ má fún un o!" Ó bá nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń fi òwú nu apá Bàbá. Wọ́n da abẹ́rẹ́ yẹn nù, wọ́n fún un ní oògùn mìíràn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Bàbá fi rìn wọlé nígbà tó padà.

Ìyá Òjé kò bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Àṣàkẹ́, o ò jí bí?" Ìyẹn náà ni. Mo wọ yàrá, mo sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbé ojú sókè ní wíńdò, mo rí i tó dúró, gbogbo ìyàwó ilé wa tò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wọṣọ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Kọ wá síbẹ̀," ó ní. "Gbogbo wa."

Mo ṣí ìlà tuntun. "Orúkọ yín, Mà?"

"Ìyá Òjé."

"Orúkọ tí bàbá yín sọ yín, Ìyá. Òpó yìí kì í gba àdàpè."

Ó wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn lè bá a dáhùn. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n. Èmi náà tí mo ti ń jẹun rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, n kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń pè é lórúkọ, òkú ni gbogbo wọn.

"Sàláwátù," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Sàláwátù Àbẹ̀ní."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ, kò mọ̀wé.

"Ibo ló wà?"

Mo fi ọwọ́ hàn án.

"Kà á, kí n gbọ́."

"Ìyá, èmi ìyàwó..."

"Mo ní kí o kà á."

Mo pè é sókè, orúkọ àti oríkì. Ó fi ìborùn bojú, ó sì ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Mo tẹ COMMIT, mo sì ní kí ẹni tó kàn súnmọ́ wíńdò.